Orúkọ Ni Ìjánu: Bí A Ṣe Ń So Àká Àjọlò Mọ́ Ètò Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Èdè Púpọ̀ Kọ

ÀṢAMỌ̀

Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi èdè méjì tàbí mẹ́ta kọ wọ́pọ̀ lóde òní, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ń sá fún un nítorí àṣìṣe tí ó máa ń yọjú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bébà yìí ṣàlàyé bí a ṣe lè ṣètò irinṣẹ́ bíi Make àti CMake kí ó lè so àká tí a fi Fortran àti C kọ mọ́ ètò tí a fi C++ kọ. A mú àpẹẹrẹ kan, a sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Bébà náà fi hàn pé ìbéèrè mẹ́ta ni púpọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe wọ̀nyí dá lé: orúkọ wo ni à ń pè, irú ẹrù wo ni à ń fi ránṣẹ́, níbo ni a ó sì ti rí ẹni tí à ń pè? Èrò wa ni pé olùkọ́ tí ó bá fi ìbéèrè mẹ́ta yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà á lọ́wọ́ dída àṣẹ tí kò yé e kọ.

ÌFÁÁRÀ

Ní sáà ẹ̀kọ́ kan tí ó ti kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí à ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kọ ètò kan tí ó ń ṣírò máàkì. Ó fi C++ kọ ojú ètò náà, ó sì mú ìlànà ìṣirò kan tí a ti fi Fortran kọ tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ètò náà ń ṣiṣẹ́ geere. Ní ọjọ́ tí yóò gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, ó kó gbogbo fáìlì sínú fláàṣì, ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ó tẹ àṣẹ, ìlà kan ṣoṣo ni ó sì jáde:

    error while loading shared libraries: libesi.so: cannot open shared object file: No such file or directory

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ ni pé òun kò rí fáìlì tí ń jẹ́ libesi.so. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ètò náà gan-an ni ó wà. Gbogbo wa ni a rí i. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò rí i. Àwa alábòójútó rẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà. A ní kí ó gbìyànjú òmíràn, bákan náà ni ọmọ ṣe orí. Wọ́n sún ìgbèjà náà sí ọjọ́ mìíràn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń kó ẹrù rẹ̀, ó ní láéláé, òun kò tún ní í da èdè méjì pọ̀ mọ́.

Ìpinnu yẹn ni ó dùn wá jù, nítorí pé kì í ṣe ìdàpọ̀ èdè ni ó já a kulẹ̀. Àlàyé tí kò rí gbà lọ́dọ̀ wa ni. Àlàyé náà ni a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí, ní èdè tí a fi ń ronú, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i dì mú.

ÌDÍ TÍ ÈDÈ PÚPỌ̀ FI Ń PÀDÉ NÍNÚ ÈTÒ KAN

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi èdè kan ṣoṣo kọ gbogbo rẹ̀? Ìdáhùn ni pé iṣẹ́ tí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ṣe kò ṣeé dànù. Fortran jáde ní ọdún 1957 láti ọwọ́ John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM. Ìṣirò ni a dá a sílẹ̀ fún, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe títí di òní. Dennis Ritchie ṣe èdè C ní Bell Labs ní nǹkan bí ọdún 1972, èdè náà sì súnmọ́ ara ẹ̀rọ gan-an. Bjarne Stroustrup bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè tí ó di C++ ní 1979, kí ó lè rọrùn láti kọ ètò ńláńlá.

Àkójọ ìlànà ìṣirò tí ń jẹ́ LAPACK, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1992, Fortran ni a fi kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń lo R láti ṣe àtúpalẹ̀ èsì ìwádìí nínú ẹ̀kọ́, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, orí kóòdù C àti Fortran ni ó jókòó lé, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Bákan náà ni ti ẹni tí ó ń lo SciPy nínú Python. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òun kò ní í da èdè pọ̀ ti pinnu láti máa lo iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn láìmọ bí a ti ṣe é, kò sì ní í lè fi tirẹ̀ kún un.

ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́ MẸ́TA

Kí ètò kan tó ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó máa ń gba ọwọ́ wọn kọjá.

Èkíní ni compiler, tí a ó máa pè ní atúmọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ kóòdù tí ènìyàn kọ di èdè ẹ̀rọ. Èdè kọ̀ọ̀kan ní atúmọ̀ tirẹ̀: gfortran fún Fortran, gcc fún C, g++ fún C++. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .o ni atúmọ̀ máa ń gbé jáde.

Èkejì ni linker, tí a ó máa pè ní asopọ̀. Òun ni ó ń kó àwọn fáìlì .o jọ, tí ó sì ń wo ibi tí ọ̀kan ti pe orúkọ tí ó wà nínú òmíràn, kí ó lè so ìpè mọ́ ẹni tí a pè.

Ẹ̀kẹta ni loader. Ìgbà tí a bá fẹ́ lo ètò náà ni tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ètò bá ń lo shared library, ìyẹn àká tí ètò púpọ̀ lè jọ máa lò láìjẹ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dà á kọ sínú ara rẹ̀, loader ni yóò lọ wá àká náà wá. Àká àjọlò ni a ó máa pe irú àká bẹ́ẹ̀. Lórí Linux, orúkọ rẹ̀ máa ń parí sí .so, lórí Windows ó jẹ́.dll, lórí macOS ó sábà máa ń jẹ́.dylib.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú níhìn-ín ni pé asopọ̀ àti loader kì í ṣe ẹnìkan náà. Asopọ̀ lè rí àká kan lónìí, kí loader má sì rí i lọ́la. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ wa gan-an nìyẹn.

Irinṣẹ́ bíi Make, tí Stuart Feldman ṣe ní Bell Labs ní 1976, àti CMake, tí ilé-iṣẹ́ Kitware bẹ̀rẹ̀ ní 2000, kì í ṣe òṣìṣẹ́ kẹrin. Alága iṣẹ́ ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ta ni kí ó ṣe kí ni, àti ìgbà wo ni kí ó ṣe é. Alága tí a kò bá là á yé yóò pín iṣẹ́ tí kò yé e fún àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: ORÚKỌ WO NI À Ń PÈ?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa wá. A fẹ́ ìlànà kan tí yóò ṣírò ìpíndọ́gba máàkì. A fi Fortran kọ ọ́ sínú fáìlì ipindogba.f90 báyìí:

    subroutine ipindogba(maki, n, esi)
      integer :: n
      real(8) :: maki(n), esi
      esi = sum(maki) / n
    end subroutine

Nínú ètò C++ wa, olori.cpp, a kéde rẹ̀ pé:

    void ipindogba(double*, int*, double*);

Lójú wa, orúkọ kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ so wọ́n pọ̀, asopọ̀ yóò ké pé "undefined reference", ìyẹn ni pé òun kò rí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ tí a pè.

Ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó ṣe kàyéfì. Ọmọ kan náà ni bàbá ń pè ní Adébáyọ̀, tí ìyá àgbà ń pè ní Àkànní, tí ìyàwó ilé tí ó bá a nílé sì ń pè ní orúkọ mìíràn tí ó fún un fúnra rẹ̀. Ara ilé mọ̀ pé ẹnìkan ni. Ṣùgbọ́n bí àlejò tí kò mọ nǹkan kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń bèèrè Adébáyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí Àkànní nìkan ni ó mọ̀, wọn yóò ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé. Asopọ̀ ni àlejò yẹn. Lẹ́tà ni ó ń fi wé lẹ́tà, kò mọ ìtàn ìdílé.

Atúmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ. gfortran máa ń sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, ó sì ń fi ìlà ìsàlẹ̀ kan sí ìparí. Nítorí náà ipindogba di ipindogba_. Bí ìlànà náà bá wà nínú module tí ń jẹ́ isiro, yóò di __isiro_MOD_ipindogba. gcc kì í fi nǹkan kan kún un lórí Linux: ipindogba ni yóò máa jẹ́. g++ ní tirẹ̀ máa ń kó irú ẹrù tí ìlànà náà ń gbà mọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí pé C++ gbà kí ìlànà méjì jẹ́ orúkọ kan náà bí ẹrù wọn bá yàtọ̀. Ìkéde wa tí ó wà lókè yìí di:

    _Z9ipindogbaPdPiS_

Èèyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àṣẹ nm ni a fi ń wo àwọn orúkọ tí ó wà nínú fáìlì:

    nm ipindogba.o
    nm olori.o

Nínú èkíní, lẹ́tà T yóò wà níwájú ipindogba_, ó túmọ̀ sí pé ẹni náà ń gbé níbẹ̀. Nínú èkejì, lẹ́tà U yóò wà níwájú _Z9ipindogbaPdPiS_, ó túmọ̀ sí pé à ń wá ẹni náà, kò sí nílé. Orúkọ méjèèjì kò bára mu, kò sì sí bí asopọ̀ ṣe lè mọ̀ pé ẹnìkan ni.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí gbogbo èdè fẹnu kò sórí orúkọ kan. Orúkọ tí C ń sọ ni a máa ń gbà, nítorí kò ní àfikún. C++ ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí, extern "C". Fortran náà ní tirẹ̀ láti ìgbà ìlànà Fortran 2003: bind(C). A tún àwọn méjèèjì kọ:

    subroutine ipindogba(maki, n, esi) bind(C, name="ipindogba")
      use, intrinsic :: iso_c_binding
      integer(c_int), value :: n
      real(c_double) :: maki(n), esi
      esi = sum(maki) / n
    end subroutine

Nínú C++:

    extern "C" void ipindogba(double*, int, double*);

Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ kọ ìlà ìsàlẹ̀ yẹn sínú kóòdù C++ wọn, wọn a ní ipindogba_. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí, ṣùgbọ́n atúmọ̀ Fortran mìíràn lè sọ ọmọ náà ní orúkọ mìíràn. Bind(C) jẹ́ àdéhùn tí ó wà nínú òfin èdè náà fúnra rẹ̀, òun ni ó ṣeé gbára lé.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ: IRÚ ẸRÙ WO NI À Ń FI RÁNṢẸ́?

Apá yìí ni ó léwu jù, nítorí pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni ó lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Nígbà tí a bá ti lo extern "C", orúkọ kò sọ irú ẹrù mọ́. Asopọ̀ yóò rí orúkọ, yóò so ó pọ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní í yẹ inú àpò wò.

Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta tí ẹrù fi lè bàjẹ́. Èkíní: Fortran máa ń retí àdírẹ́sì ibi tí nǹkan wà, kì í ṣe nǹkan náà gan-an, àyàfi bí a bá kọ value. Bí C++ bá fi 40 ránṣẹ́ sí Fortran tí kò ní value, Fortran yóò rò pé 40 jẹ́ àdírẹ́sì, yóò sì lọ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ètò yóò kú lójijì, "segmentation fault" ni yóò sì kọ. Èyí kò burú jù, nítorí ó pariwo.

Èkejì kì í pariwo. Real lásán nínú gfortran jẹ́ báìtì 4, double nínú C++ sì jẹ́ báìtì 8. Bí a bá fi double ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ń retí real, yóò gé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí méjì, yóò sì ka ìdajì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé odindi ni. Èsì yóò jáde, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni ó yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni tí ó ń ṣírò máàkì lẹ́rù. C àti C++ máa ń to tábìlì nọ́ńbà ní ìlà-ìlà. Fortran ń tò ó ní òpó-òpó. Ká sọ pé a ní akẹ́kọ̀ọ́ 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 4. Nínú C++ a kọ ọ́ ní maki[3][4]. Bí a bá kéde rẹ̀ nínú Fortran ní maki(3,4), tí a sì ní kí ó ṣe àròpọ̀ ìlà kìíní, kì í ṣe máàkì mẹ́rin ti akẹ́kọ̀ọ́ kìíní ni yóò rò pọ̀. Méjì nínú máàkì rẹ̀ ni yóò mú, yóò fi ọ̀kan ti akẹ́kọ̀ọ́ kejì àti ọ̀kan ti ẹ̀kẹta kún un. Kò sí àṣìṣe tí yóò jáde. Nọ́ńbà náà yóò sì jọ òótọ́, nítorí gbogbo rẹ̀ jẹ́ máàkì gidi. Àwọn tí wọ́n ni ín nìkan ni kò tọ́. Báyìí ni ọmọ kan ṣe lè fi máàkì ẹlòmíràn fìdí rẹmi. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a kéde rẹ̀ nínú Fortran ní maki(4,3), kí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Nítorí náà, kí a tó gbà pé ètò elédè púpọ̀ ti dára, ó yẹ kí a fi tábìlì kékeré kan tí a ti fi ọwọ́ ṣírò dán an wò. Kí nọ́ńbà inú rẹ̀ má dọ́gba, kí a lè tètè mọ̀ bí wọ́n bá ti kúrò ní àyè wọn. Pé ètò so pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ó tọ́.

ÌBÉÈRÈ KẸTA: NÍBO NI A Ó TI RÍ I?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlànà kejì tí a fi C kọ, ipele.c, kún un. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ ìpíndọ́gba di A, B, C tàbí F. Bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn àṣẹ náà nìyí:

    gfortran -fPIC -c ipindogba.f90
    gcc -fPIC -c ipele.c
    gfortran -shared -o libesi.so ipindogba.o ipele.o
    g++ -o eto olori.cpp -L. -lesi

-fPIC ń sọ fún atúmọ̀ pé kí ó kọ kóòdù tí ó lè gbé ibikíbi nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, nítorí pé àká àjọlò kò mọ ilé tí wọn yóò fi í wọ̀ sí. Bí a bá gbàgbé rẹ̀, asopọ̀ lè kọ̀, kí ó sì ní kí a lọ tún un ṣe pẹ̀lú -fPIC. -shared ni ó ń sọ ọ́ di àká àjọlò. -L ń tọ́ka sí àpò tí kí asopọ̀ wò, àmì ìdánudúró tí ó tẹ̀ lé e sì túmọ̀ sí "níhìn-ín". -lesi túmọ̀ sí pé kí ó wá libesi.so. Ó dára kí -lesi wà lẹ́yìn fáìlì tí ó ń pè é, nítorí àtòtẹ̀lé ni asopọ̀ ń gbà ka ohun tí a kọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gfortran ni a fi ṣe àká náà, kì í ṣe gcc. Ìdí ni pé kóòdù Fortran lè nílò àká ìrànwọ́ tirẹ̀, libgfortran, pàápàá bí ó bá ń tẹ nǹkan jáde. gfortran mọ̀ ọ́n, ó sì ń fi í kún un láìjẹ́ pé a sọ. gcc kò ní í fi í kún un àyàfi bí a bá kọ -lgfortran. Bákan náà ni g++ ṣe ń mú libstdc++ wá fún C++.

Nísinsìnyí, bí a bá tẹ ./eto, a ó pàdé ìlà tí ó dójú ti akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìdí ni pé asopọ̀ nìkan ni -L. bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan fún loader. Loader lórí Linux kì í wo ẹ̀gbẹ́ ètò. Windows máa ń wò ó, ìyẹn sì ni ó fi ń ya àwọn tí ó ti ibẹ̀ wá lẹ́nu. Loader ti Linux máa ń wo àwọn àpò tí a kọ sínú LD_LIBRARY_PATH, àwọn tí a kọ sínú ètò náà fúnra rẹ̀, àti àwọn àpò gbogbogbòò bíi /lib àti /usr/lib.

Àpò tí a kọ sínú ètò fúnra rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní rpath, tàbí runpath. A lè sọ fún ètò pé kí ó máa wá àká rẹ̀ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá wà, ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni $ORIGIN:

    g++ -o eto olori.cpp -L. -lesi -Wl,-rpath,'$ORIGIN'

Àwọn kan máa ń lo LD_LIBRARY_PATH dípò èyí. Ó dára fún ìdánwò, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tí a ti kọ ọ́ ni ó ń mọ. Kì í bá ètò rìnrìn àjò.

BÍ A ṢE LÈ SỌ Ọ́ FÚN MAKE

    eto: olori.o libesi.so
    	g++ -o eto olori.o -L. -lesi -Wl,-rpath,'$$ORIGIN'

    libesi.so: ipindogba.o ipele.o
    	gfortran -shared -o libesi.so ipindogba.o ipele.o -Wl,--no-undefined

    %.o: %.f90
    	gfortran -fPIC -c $<

    %.o: %.c
    	gcc -fPIC -c $<

Ohun mẹ́ta ni kí a kíyè sí. Èkíní, Tab ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìlà àṣẹ, kì í ṣe àlàfo lásán. Èkejì, àmì dọ́là méjì ni a kọ síwájú ORIGIN. Bí a bá kọ ẹyọ kan, Make yóò rò pé ohun kan wà tí ń jẹ́ O, yóò wá a, kò ní í rí i, RIGIN nìkan ni yóò sì ṣẹ́kù. Ètò yóò so pọ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kò ní í rí àká rẹ̀. Ẹ̀kẹta, --no-undefined ń mú kí asopọ̀ kígbe nígbà tí a bá ń ṣe àká náà gan-an bí orúkọ kan bá sọnù, dípò kí ó dákẹ́ títí di ẹ̀yìn ọ̀la.

BÍ A ṢE LÈ SỌ Ọ́ FÚN CMAKE

    cmake_minimum_required(VERSION 3.16)
    project(esi LANGUAGES C CXX Fortran)
    add_library(esi SHARED ipindogba.f90 ipele.c)
    add_executable(eto olori.cpp)
    target_link_libraries(eto PRIVATE esi)
    set_target_properties(eto PROPERTIES INSTALL_RPATH "$ORIGIN/../lib")
    install(TARGETS eto esi
            RUNTIME DESTINATION bin
            LIBRARY DESTINATION lib)

Ìlà kejì ni ó ṣe kókó. Bí a kò bá dárúkọ Fortran níbẹ̀, CMake kò ní í wá gfortran rárá, nítorí C àti C++ nìkan ni ó máa ń gbà bí a kò bá sọ nǹkan kan. Nígbà tí a bá kọ SHARED, CMake ń fi -fPIC kún un fúnra rẹ̀. Ó tún ń yan ẹni tí yóò ṣe ìsopọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè tí ó wà nínú àká náà.

Ibí yìí ni a ti rí ìdáhùn sí ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí a bá ń kọ́ ètò, CMake máa ń kọ ojú ọ̀nà àpò tí a ti ń kọ́ ọ sínú ètò náà, láti orí dé ìdí. Ojú ọ̀nà tí ó wà nínú ètò rẹ̀ ni ti àpò ilé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kejì kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Àlejò ń wá ilé tí kò sí ní àdúgbò náà. Bí ó bá ti lo cmake --install, tí ó sì ti kọ INSTALL_RPATH bí a ti kọ ọ́ yìí, ì bá kó àpò bin àti lib lọ pọ̀, wọn ì bá sì rí ara wọn níbikíbi. Ẹni tí ó bá lo cmake --install láìkọ INSTALL_RPATH yóò tún kan ìṣòro mìíràn, nítorí CMake máa ń nu ojú ọ̀nà àtijọ́ yẹn kúrò nígbà náà.

Ohun kan tún kù. Kọ̀ǹpútà tí kò ní gfortran lè má ní libgfortran. Àṣẹ ldd ni a fi ń wádìí:

    ldd ./eto

Àká tí "not found" bá wà níwájú rẹ̀ ni a kò rí. Bí ó bá jẹ́ libgfortran.so.5 ni, lórí Ubuntu, a lè fi í síbẹ̀ pẹ̀lú sudo apt install libgfortran5. Readelf -d ./eto sì ni a fi ń wo ojú ọ̀nà tí a kọ sínú ètò.

OHUN TÍ ÈYÍ KỌ́ ÀWA OLÙKỌ́

A ti rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń da àṣẹ kọ láti ibòmíràn títí ọ̀kan yóò fi ṣiṣẹ́. Kò mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́, kò sì mọ ìdí. A dábàá pé kí olùkọ́ yí i padà báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú àṣìṣe wá, kí a má tíì fún un ní àṣẹ. Kí a bi í pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀: atúmọ̀ ni, asopọ̀ ni, tàbí loader? Bí ó bá jẹ́ "undefined reference", asopọ̀ ni, ìbéèrè orúkọ sì ni. Kí ó lo nm. Bí ó bá jẹ́ "cannot open shared object file", loader ni, ìbéèrè ibùgbé sì ni. Kí ó lo ldd àti readelf. Bí kò bá sí àṣìṣe ṣùgbọ́n tí èsì kò tọ́, tàbí tí ètò kú lójijì, ìbéèrè ẹrù ni kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Kí ó fi ìkéde èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

A tún dábàá pé kí iṣẹ́ àṣekágbá tí a bá fẹ́ gbà wọlé ti ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kejì tí kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ ọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbèjà. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹni nìkan kò tíì kúrò nílé.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú bébà yìí, a ti tọ ipasẹ̀ ètò kan tí a fi Fortran, C àti C++ kọ, láti orí kóòdù títí dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. A rí i pé èdè mẹ́ta kì í bá ara wọn jà. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ni orúkọ tí wọn kò fẹnu kò lé lórí, ẹrù tí a dì ní ìdì tí ẹni tí ó gbà á kò mọ̀, àti ibùgbé tí a kò júwe. Make àti CMake lè ràn wá lọ́wọ́ lórí orúkọ àti ibùgbé. Lórí ẹrù, ojú wa ni a ó fi ṣọ́ ọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa padà wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà tí ó kọ̀ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ó ti ṣe é. Ìlà kan ni ó fi kún fáìlì CMake rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìlà náà fún àwọn olùyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Bí a bá kọ́ ọmọ ní ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, èdè tí ó bá wù ú ni yóò lè dà pọ̀.